Ẹni Tí Wọ́n Sọ̀ Kalẹ̀ Lójú Ọ̀nà Mẹ́kà

Bí ẹ bá bá àwọn Yorùbá tó ti pẹ́ ní Jẹ́dà sọ̀rọ̀, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi dárúkọ Dókítà Abdulghafur fún yín. Wọ́n á ní kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ tó o. Wọ́n á ní wáàsí rẹ̀ ló tún ayé àwọn ṣe, pé òun ló kọ́ àwọn láti máa bẹ̀rẹ̀ láti orí nǹkan kékeré, láti máa mí kí wọ́n tó fèsì, láti má máa wo inú àwo ẹlòmíràn. Wọn ò purọ́. Ẹ̀kọ́ náà dára, èmi náà sì fi tún ìwà ara mi ṣe. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kì í ṣe Dókítà ló ni ín. Mo mọ ẹni tó ni ín, mo sì mọ ohun tí Dókítà fi ojú ẹni náà rí.

Ọmọ Jàmáíkà ni. Vinette ni wọ́n ń pè é nígbà tó dé ilé ìwòsàn tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Jẹ́dà, ní nǹkan bí ọdún 1993. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà ní abúlé orí òkè kan ní Jàmáíkà. Icilda lorúkọ ìyá náà. Ó ti kú tipẹ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu Vinette. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà Jàmáíkà ni, gbólóhùn kúkúrú kúkúrú, tó máa ń fi èdè abúlé wọn sọ, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti fi tiwọn lú títí tó fi dùn létí bí èdè wa. Ọ̀kan jẹ́ ti ewúrẹ́, ọ̀kan ti adìẹ, ọ̀kan ti ìkòkò ọbẹ̀. Bó bá sọ ọ́ tán, tí kò yé mi, á jókòó tì mí, á túmọ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń bọ́ ọmọ.

Onínúfùfù èèyàn ni mí nígbà tí mo dé Jẹ́dà. Ẹnikẹ́ni kì í pariwo mọ́ mi kí n má pariwo padà, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn ló sì kọ́ mi láti gbé omi sẹ́nu díẹ̀ ná. Mo ti gbà pé mo ti dàgbà jù láti tún jókòó ìdánwò iṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Vinette mú ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ wá, ó ń sọ ọ́ sí mi létí láàárọ̀ lálẹ́, mo kàwé náà, mo sì yege. Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ ti odò àti ẹranko ẹlẹ́nu gígùn tó ń gbé inú rẹ̀, tí èèyàn kò gbọdọ̀ bú kó tó wẹ odò náà kọjá. Ohun tó ń kọ́ni ni pé kí èèyàn kó ẹnu rẹ̀ ní ìjánu níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyẹn ni Vinette fẹ́ràn jù, nítorí òun àti Ìyá Àgbà Icilda ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí dáadáa.

Dókítà Abdulghafur ni ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀dù. Bí a bá jókòó mu ṣáì, á ní kí Vinette sọ ọ̀kan fún òun. Á rẹ́rìn-ín, á ní kó tún un sọ, á bi í ní ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ náà kàn ń dùn mọ́ ọn ni. Ní Jímọ̀ tó bá gbẹ̀yìn oṣù, àwa Yorùbá máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mẹ́kà, a ó kírun ní Hárámù, mọ́sálásí ńlá tí Káábà wà, a ó sì kọrí sí àdúgbò Azíziyyah, níbi tí Dókítà ti ń ṣe wáàsí nínú fúláàtì ọ̀kan nínú wa. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ní Yorùbá. Dókítà ní ìyá ìyá òun ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló máa ń sọ ọ́. Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Nígbà tó di oṣù tó tẹ̀lé e, ó sọ ti ìkòkò ọbẹ̀, ìyá Ìjẹ̀bú-Igbó kan náà ló sì tún sọ ìyẹn. Àwọn èèyàn ń pariwo Allāhu Akbar, wọ́n ń mi orí. Mi ò sọ fún Vinette. Kò gbọ́ Yorùbá, ó sì ka Dókítà sí èèyàn gidi, mi ò fẹ́ ba inú rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tó ṣe, Vinette ní òun fẹ́ gba Ìsìláámù. Kò sẹ́ni tó fà á lọ́wọ́. Inú wa dùn, a sì kó ara wa jọ sí ilé Dókítà ní Jẹ́dà. Dókítà fúnra rẹ̀ ló pe kálímá ṣàhádà, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ tí a fi ń wọ Ìsìláámù, sí i lẹ́nu, òun ló sọ ọ́ ní Mastura, àwa obìnrin sì se ìrẹsì àti mọ́í-mọ́í. Bàálé mi, Abdulateef, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Dókítà, wà níbẹ̀. Òun ló gé ẹran. Bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn: àáfà á sọ èèyàn lórúkọ, a ó jẹ, a ó mu, a ó ṣàdúà, ọ̀rọ̀ parí. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo àwa tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé tó rántí pé ìlú oníwèé la wà. Ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú tí gbogbo àlejò ń mú kiri, aláwọ̀ ewé ni ti Mùsùlùmí, búráùn ni ti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Búráùn ni ti Mastura. Kó tó lè yí i padà, ó ní láti wí ṣàhádà náà níwájú adájọ́ ní mahkámà, ilé ẹjọ́ wọn, kí ọkùnrin Mùsùlùmí méjì sì jẹ́rìí sí i. Àwa jẹ mọ́í-mọ́í tán, a sì pín lọ sílé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ẹ́ parí. Bó bá ti parí, ilé ìwòsàn á gba ìwé àlọ àìpadà fún un, ó di Jàmáíkà. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kó fojú ara rẹ̀ rí Káábà kó tó lọ. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá ti abúlé tòun wá, tó bá lọ, kò ní rí ọ̀nà padà wá. Ní Jímọ̀ ìparí oṣù, ó bá wa wọ bọ́ọ̀sì. Ó ti wẹ̀, ó ti ṣe àníyàn Ùmúrà, ìyẹn hájì kékeré, ó wọ aṣọ funfun, ó ń ka lábáíkà, ọ̀rọ̀ ìjẹ́pè àwọn tó ń lọ Mẹ́kà, pẹ̀lú wa, ohùn rẹ̀ ló sì ga jù nínú ohùn àwa obìnrin.

Níbi àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń ya Mùsùlùmí sọ́nà Mẹ́kà, tí wọ́n ń ya àwọn yòókù sọ́nà mìíràn, ọlọ́pàá kan gòkè, ó ń gba ìkámà wò. Ó dé ọ̀dọ̀ Mastura, ó dúró.

“Wọn ò kọ Mùsùlùmí síbí,” ló wí ní èdè Lárúbáwá.

Mo fi ìwọ̀nba èyí tí mo gbọ́ dá a lóhùn pé Mùsùlùmí ni, pé ó ń kírun pẹ̀lú wa. Ọlọ́pàá náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó bi awakọ̀ wa léèrè ẹni tó jẹ́ olórí ọkọ̀. Awakọ̀ náà, Adam, nawọ́ sí Dókítà tó jókòó níwájú, ó sì sọ ẹni tó jẹ́. Ọlọ́pàá wá bi í pé:

“Dókítà, ẹ mọ obìnrin yìí? Ọwọ́ ta ló ti gba Ìsìláámù?”

Dókítà Abdulghafur bojú wẹ̀yìn wo obìnrin tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lórúkọ. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa ni. Ohun tó kù, n kò mọ̀.”

Mo gbọ́ ọ. Kò kùn ún sínú, ó là á já gaara, ó sì yí ojú rẹ̀ padà síwájú bí ẹni tó ti parí iṣẹ́. Lárúbáwá Mastura kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn yé e. Ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà dìde tẹ̀lé e. Bàálé mi fẹ́ dìde. Hikmah, ọmọ wa, ń sùn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà na ọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, “Jókòó, Abdulateef. Àwọn obìnrin á rí ọkọ̀ padà.” Ó sì jókòó. Mo rí i tó jókòó. Bọ́ọ̀sì gbéra, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lábáíkà nínú rẹ̀, eruku rẹ̀ sì bò wá.

Ọlọ́pàá náà ló dá ọkọ̀ tọkọtaya kan dúró tí wọ́n ń padà sí Jẹ́dà, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé wa. Mastura kò sunkún. Ìbòrí rẹ̀ ló kàn ń tú, tó tún ń wé, tó tún ń tú. Èmi ni mo ń sunkún, ẹkún ìbínú, mo sì ń bú Dókítà ní Yorùbá, mo ń bú u ní Gẹ̀ẹ́sì. Mastura dì mí lọ́wọ́ mú.

“Bilikis, rántí ti odò,” ló wí. “A ò tíì dé òdìkejì. Ọkùnrin yẹn ṣì máa jẹ́rìí fún mi.”

Ẹ gbọ́ ohun tí Dókítà ṣe. Ó ránṣẹ́ sí Mastura pé níwọ̀n ìgbà tó ti ṣe àníyàn Ùmúrà tí kò lè débẹ̀, àgbò di dandan fún un, kó pa á kó tó bọ́ nínú àníyàn náà. Òun tí kò mọ̀ bóyá Mùsùlùmí ni níwájú ọlọ́pàá, òun ló wá mọ ìjìyà Mùsùlùmí tó kàn án nílé. Àgbò náà tọ́ lófin ẹ̀sìn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti wá ni n kò lè gbé mì. Mastura pa àgbò náà, ó sì pín ẹran rẹ̀ fún àwọn aláìní àdúgbò.

A lọ sí mahkámà, èmi àti òun. Akọ̀wé ibẹ̀ dá wa lóhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà, ó ní kí ó mú ọkùnrin méjì tó mọ̀ ọ́n wá. Mo ní èmi mọ̀ ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọkùnrin. A tọ Dókítà lọ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó gbà wá tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní ká fara balẹ̀, òun á wá àyè. Àyè náà kò yọjú. Nígbà tí mo bi bàálé mi pé òun náà ńkọ́, ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mi níkẹyìn.

“Ìyá Hikmah, Dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní bí adájọ́ bá bi obìnrin yẹn níbi tó ti kọ́kọ́ wí ṣàhádà, wọ́n á gbọ́ pé òun ń kó èèyàn jọ sínú ilé láìgbàṣẹ. Ó ní kí gbogbo wa jìnnà sí i. Òun ló sì máa buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ mi lọ́dún yìí.”

“Kí wá ni Mastura á ṣe?”

“Kó ní sùúrù.”

“Sùúrù títí tí wọ́n á fi gbé e wọ bàálù?”

Abdulateef kì í ṣe olójo láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, òun àti ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ti kàwé dé ìlú yẹn. Mo ní àánú rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń bí mi, àwọn méjèèjì pa pọ̀.

Jímọ̀ ìparí oṣù tún pé. Àwa lọ, Mastura kò lè lọ. Ó ti ń di ẹrù rẹ̀. Ní fúláàtì Azíziyyah, àwọn ọkùnrin wà ní pálọ̀, àwa obìnrin wà nínú yàrá lẹ́yìn kọ́tìnnì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń gbé ohùn Dókítà wá bá wa. Ó ní ọ̀rọ̀ sùúrù ni òun fẹ́ sọ. Ó kí, ó dúpẹ́, ó ka áyà Kùránì, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ: “Ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó bá kan ọ̀rọ̀ odò…”

Ó sọ ọ́ tán. Ó túmọ̀ rẹ̀ bí Mastura ṣe túmọ̀ rẹ̀, kò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹni tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kó pa ẹnu mọ́. Àwọn èèyàn ń pariwo, ó dára, ó dára. Ìgbà yẹn ni ojú mi là sí nǹkan kan. Lẹ́nu Mastura, ọgbọ́n ẹni tí kò lágbára ni ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ títí á fi kọjá. Lẹ́nu Dókítà, ìdè ni. Òun gan-an ni ẹranko inú odò náà, òun ló sì ń wàásù fún àwọn tó ń wẹ odò kọjá pé kí wọ́n má pariwo.

Gbogbo ẹ̀kọ́ Ìyá Àgbà Icilda ni mo gbà. Ti odò nìkan ni mo jù nù lọ́jọ́ yẹn. Mo dìde. Fawziyya, ìyàwó onílé, fa abáyà mi.

“Àlàájà, ohùn yín, àwọn ọkùnrin wà níbẹ̀.”

“Àwọn náà ni mo fẹ́ kó gbọ́,” ni mo wí.

Mo dúró ti kọ́tìnnì, mi ò ká a sókè. “Dókítà, ẹ forí jì mí, ìbéèrè ni. Ìyá tó sọ ọ̀rọ̀ odò yìí, Ìjẹ̀bú-Igbó kọ́ ló ti wá. Ní Jàmáíkà ni. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún yín ní wọ́ọ̀dù, ojú mi ló ṣe. Ẹ̀yin lẹ sọ ọmọ náà ní Mastura nínú ilé yín, gbogbo wa jẹ ìrẹsì rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sì sọ fún ọlọ́pàá pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á gbé e padà sílé, kò sì tíì rí Káábà, nítorí ọkùnrin méjì péré ni adájọ́ ń fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, nínú gbogbo ọkùnrin tó wà ní pálọ̀ yìí, ta ló máa lọ?”

Mo gbọ́ tí ẹnì kan gbé ife ṣáì kalẹ̀. Lẹ́yìn náà Dókítà fi ohùn tútù sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ó ní, “Àlàájà, inú ń bí yín. Ọ̀rọ̀ ilé ni, a ó yanjú rẹ̀ nílé. Ẹ jẹ́ ká fi àdúà kádìí.”

“Èmi wà níbẹ̀.” Bàálé mi ni. “Èmi ni mo gé ẹran. Mo gbọ́ tó wí ṣàhádà, màá lọ.”

“Abdulateef,” ni Dókítà wí.

“Mo jókòó lọ́jọ́sí, sà. N kò tún ní jókòó mọ́.”

Mo ń dúró de ẹnì kejì. Dókítà, ẹ̀njiníà, olùkọ́ yunifásítì, gbogbo wọn ló kún pálọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ní òun á lọ. Adam awakọ̀ ló sọ̀rọ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ló wá Mẹ́kà láti Ìlọrin tí kò padà, àdúgbò Rusaifah ní Mẹ́kà ni wọ́n bí òun sí, Yorùbá rẹ̀ kò já gaara. Ó ní, “Wana kamáàn, èmi náà. Mo rò pé ẹ ti ṣe é tipẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni mahkámà máa ṣí, màá gbé yín.”

Wọ́n lọ ní Sátidé. Mastura wí ṣàhádà níwájú adájọ́, àwọn méjèèjì jẹ́rìí, kò sì sẹ́ni tó bi í nípa ilé Dókítà. Kò sẹ́ni tó bi í rárá. Gbogbo ẹ̀rù tí wọ́n fi dè wá mọ́lẹ̀, òfìfo ni. Ṣùgbọ́n Dókítà kò gbàgbé, nítorí nígbà tí àkókò tó, kò buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ bàálé mi, Ìlọrin la sì padà sí lọ́dún náà. Abdulateef kò kábàámọ̀ rẹ̀. Èmi náà kò kábàámọ̀.

Kí Mastura tó wọ bàálù, Adam fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí Mẹ́kà. Níbi àyẹ̀wò, Mastura na ìwé tuntun rẹ̀ jáde, ọlọ́pàá wò ó, ó sì ní ká máa lọ. Nígbà tó rí Káábà, ó dúró gbọnin, àwọn tó wà lẹ́yìn ń kọlù ú, kò mọ̀. Ó ṣe Tàwááfù yí Káábà ká, ó ṣe Sàáyì láàárín òkè méjèèjì, ó gé irun díẹ̀, ó ní ebi ń pa òun. A gba àdúgbò Misfalah lọ wá oúnjẹ.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì wáàsí fún àwọn àlàájì ilẹ̀ wa. Wọ́n gbé ọ̀kan sórí rédíò, ohùn rẹ̀ bo gbogbo òpópónà. Mastura dúró.

“Dókítà nìyẹn,” ló wí. “Kí ló ń sọ tí àwọn èèyàn fi ń pariwo báyìí?”

Mo fẹ́ fà á lọ. Mo wá ronú pé irọ́ ti pọ̀ tó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un, kélékélé. Ti ewúrẹ́ ni. Mi ò tíì dé ìdajì tí òun fúnra rẹ̀ fi parí rẹ̀ ní èdè abúlé wọn.

Ó nawọ́ sí rédíò náà. Ó bi mí pé, “Ṣé ó dárúkọ Ìyá Àgbà?”

“Rárá. Ó ní ìyá ìyá òun ni.”

Mastura yí ojú padà sí ọ̀nà Hárámù. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tó kọjú sí mi tí mo rí i pé ẹ̀rín ni.

“Ìyá Àgbà kò ní ìkámà kankan,” ló wí. “Kò tilẹ̀ kírun rí. Ó sì ti wọ Mẹ́kà ṣáájú mi.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ gan-an, n kò sì tíì lè fi rẹ́rìn-ín.